Windows 10 lórí kọ̀ǹpútà ilé: ṣé kí n gbé e lọ sí Windows 11, àbí kí n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà?

Atọ́ka

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan tí gbogbo ilé ń lò ni mo gbé wá. Processor rẹ̀ ni Intel Core i5-8400, RAM rẹ̀ 8 GB, háàdì dísíkì oníyíyí 1 TB ló ń lò, kò sí SSD (dísíkì tí kò ní ohun tó ń yí) nínú rẹ̀ rárá. Windows 10 Home 22H2, 64-bit, ló wà lórí rẹ̀. Wọ́n pín dísíkì náà sí C: àti D:. C: jẹ́ 300 GB, nǹkan bí 180 GB ti kún nínú rẹ̀. Àwòrán àti fídíò ló wà lórí D:, wọ́n lé ní 500 GB. Kò ní káàdì àwòrán lọ́tọ̀, ara motherboard la ti fa wáyà lọ sí skirín.

Mo fi PC Health Check, ètò Microsoft tó ń sọ bóyá ẹ̀rọ lè gba 11, yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò lè gba Windows 11. Ó fọwọ́ sí processor, RAM àti àyè dísíkì, àmọ́ ó kọ Secure Boot (ààbò tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ nígbà tó bá ń jí), ó sì ní òun kò rí TPM 2.0 (ohun tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ààbò nínú ẹ̀rọ).

Kọ̀ǹpútà yìí ṣì ń ṣiṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń wọ́ bí ìgbín láàárọ̀ kó tó jí tán. Mo mọ̀ pé Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Ṣé ó burú tó bẹ́ẹ̀ tí mo bá fi í sílẹ̀? Tí mo bá sì fẹ́ lọ sí 11, ṣé motherboard tuntun ni kí n rà ni? Ètò ìṣírò owó kan wà lórí rẹ̀ tí àwọn tó ṣe é kò tà mọ́, fáìlì tí wọ́n fi gbé e sórí ẹ̀rọ sì ti sọnù. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n nu gbogbo rẹ̀ kí n tún un bẹ̀rẹ̀.

Ìdí_Ẹ̀rọ

Ẹ̀gbọ́n Atọ́ka, ẹ má ra motherboard kankan. Kò sí ewu lóko, àfi gìrìgìrì àparò. i5-8400 jẹ́ ìran kẹjọ Intel, ibẹ̀ gan-an ni Microsoft sì fa ìlà sí: ìran kẹjọ wọlé, ìran keje kò wọlé àfi ìwọ̀nba díẹ̀. Lọ́dọ̀ AMD, Ryzen 2000 ni àwọn tó wọlé ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo 2000 ni, ẹni tó bá ní i kó wá orúkọ tirẹ̀ gan-an nínú àkọsílẹ̀ wọn. Ohun méjì tí PC Health Check ní òun kò rí yẹn, ẹ̀rọ yín ní wọn. Wọ́n kàn wà ní pípa ni.

Ẹ tẹ Windows àti R pọ̀, ẹ kọ msinfo32, ẹ tẹ Enter, kí ẹ wo ìlà "BIOS Mode". Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé "Legacy" ni ẹ máa bá níbẹ̀. Ìyẹn ni pé ọ̀nà àtijọ́ ni Windows yín ń gbà jí, lórí dísíkì tí wọ́n pín ní ìlànà àtijọ́ tó ń jẹ́ MBR. Secure Boot kò mọ ọ̀nà yẹn, UEFI, ìyẹn ọ̀nà jíjí tuntun, nìkan ló mọ̀. TPM 2.0 náà fẹ́ UEFI, nítorí náà bí tpm.msc bá ní òun kò rí nǹkan kan báyìí, ẹ má tíì dájọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú ni pé wọ́n á kà á níbì kan pé kí wọ́n tan UEFI, wọ́n á wọ BIOS (ètò orí motherboard tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó dé), wọ́n á yí i, wọ́n á sì tún kọ̀ǹpútà tàn. Ó di BIOS padà, tàbí kó ní òun kò rí dísíkì tí òun lè jí láti orí rẹ̀. Ìdí ni pé UEFI ń wá ìpín kékeré kan tí wọ́n ń pè ní EFI lórí dísíkì GPT, ìyẹn ìlànà pípín tuntun, MBR kò sì ní i. Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni, kó kàn dá a padà sí Legacy tàbí CSM (ohun tó ń jẹ́ kí UEFI gba ọ̀nà àtijọ́), Windows á dìde bó ṣe wà. Kò tíì sọ fáìlì kankan nù.

Bó ṣe yẹ kí ó tẹ̀ lé ara wọn nìyí. Ẹ kọ́kọ́ da àwọn fáìlì tí ẹ kò lè pàdánù sórí dísíkì òde, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò lára ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà, kí ẹ lè sọ dísíkì náà di GPT láì nu ún, ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí Administrator, kí ẹ kọ:

mbr2gpt /validate /disk:0 /allowFullOS

Àyẹ̀wò lásán nìyẹn, kì í yí ohunkóhun padà. Bí ó bá ní ó ti yege, ẹ kọ:

mbr2gpt /convert /disk:0 /allowFullOS

Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Bí ó bá kùn níparí pé òun kò lè tún ReAgent.xml ṣe, ẹ má fòyà, ẹ kọ reagentc /disable, ẹ tẹ̀ lé e pẹ̀lú reagentc /enable. Irinṣẹ́ ìtúnṣe Windows ló ń tọ́ka sí, kì í ṣe Windows fúnra rẹ̀.

Ẹ wá tún ẹ̀rọ tàn, ẹ máa tẹ Del tàbí F2 léraléra títí ẹ ó fi wọ BIOS. Ẹ pa CSM, ẹ mú UEFI nìkan, ẹ tan Intel PTT. Orúkọ TPM tó wà nínú ẹ̀rọ Intel nìyẹn; ti AMD ń jẹ́ fTPM. Ó lè fara pamọ́ sábẹ́ "Security", "Trusted Computing" tàbí "PCH-FW Configuration". Ẹ wá tan Secure Boot. Bí ẹ bá tan án tí msinfo32 ṣì ń sọ pé "Off", kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni kò sí nílé: ẹ padà sí BIOS, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Restore Factory Keys" tàbí "Install Default Secure Boot Keys" sí.

Àwọn tó bá ní káàdì àwòrán àtijọ́ nínú ẹ̀rọ kí wọ́n fetí sílẹ̀ níbí. Bí káàdì náà kò bá mọ UEFI, skirín á dúdú kirikiri lọ́jọ́ tí ẹ bá pa CSM. Tiyín kò ní ìṣòro yẹn, ẹ̀gbọ́n, nítorí ara processor ni àwòrán yín ti ń jáde.

Atọ́ka

Ẹ ṣeun gan-an. "Legacy" ni mo bá níbẹ̀ lóòótọ́. Mo ṣe àyẹ̀wò náà, ó kọ̀. Ohun tó kọ ni "Disk layout validation failed for disk 0". Nígbà tí mo ṣí diskmgmt.msc, ohun tí mo rí lórí Disk 0 nìyí láti apá òsì: System Reserved 50 MB, C: 300 GB, ìpín kan tí kò ní lẹ́tà tó jẹ́ nǹkan bí 500 MB tí wọ́n kọ Recovery sí, àti D: 630 GB. Gbogbo wọn ní "Primary Partition" lára.

Wáyà_Pupa

Ẹ ti dáhùn ara yín, ọ̀gá. Mẹ́rin ni wọ́n. MBR kò gba ju ìpín gbòógì mẹ́rin lọ, mbr2gpt sì fẹ́ kí àyè ẹyọ kan ṣófo fún ìpín EFI tó fẹ́ dá. Mẹ́ta ni òpin tó máa ń gbà. Bí ó bá rí ìpín "Extended" tàbí "Logical" náà, á kọ̀.

Ẹ lè kó D: kúrò, kí ẹ pa á rẹ́, kí ẹ yí dísíkì padà, kí ẹ tún dá D:. Yóò ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n èmi kò ní ṣe é bẹ́ẹ̀. Ìdí ni gbólóhùn kan tí ẹ kàn sọ kọjá, pé ó máa ń wọ́ bí ìgbín láàárọ̀. Dísíkì oníyíyí yẹn ni. Kò sí ohun tí i5-8400 ṣe. Ẹ ṣí Task Manager lẹ́yìn tí ẹ bá tan ẹ̀rọ, ẹ wo ìlà Disk, ẹ máa rí 100% níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ nígbà tí CPU jókòó tí kò ṣe nǹkan kan. Windows 11 á fi kún un ni, nítorí ohun tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ nínú rẹ̀ pọ̀ ju ti 10 lọ. Ẹni tó bá gbé Windows 11 lé dísíkì oníyíyí á máa bú Windows láìjẹ́ pé òun ló ṣẹ̀ ẹ́.

Nítorí náà, SSD ló yẹ kó ṣíwájú. 500 GB tó, D: lè máa wà lórí dísíkì àtijọ́ lọ. SATA 2.5 inch máa ń kà tó 550 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, dísíkì oníyíyí ilé kì í sábà ju 100 sí 150 lọ. Àmọ́ ìyẹn gan-an kọ́ ni ìyàtọ̀ tó ń dùn mọ́ni. Orí dísíkì oníyíyí ní láti máa rìn kiri kó tó bá fáìlì wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ni Windows sì ń ṣí nígbà tó bá ń jí. SSD kò ní ohun tó ń rìn. Bí motherboard yín bá ní ojú M.2 (ojú tí wọ́n ń ki SSD pẹlẹbẹ bọ̀), ẹ wo ìwé rẹ̀ kí ẹ tó rà: òmíràn gba NVMe (irú SSD tó yára ju SATA lọ), òmíràn gba SATA nìkan, òmíràn sì wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá ki nǹkan bọ M.2, ojú SATA kan lórí motherboard á kú. Bí ẹ kò bá fẹ́ wàhálà, ẹ ra SATA 2.5 inch, wáyà SATA kan, kí ẹ sì rí i pé pọ́ọ̀tì iná SATA kan ṣẹ́kù lára páwà.

Ẹ wá da C: lọ sórí SSD bó ṣe wà, kí ètò ìṣírò yín má bàa bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe SSD máa ń fún ẹni tó bá ra tiwọn ní ètò ìdàkọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ibi tí ọgbọ́n wà nìyí: ẹ má da gbogbo dísíkì kọ. Ìpín mẹ́ta àkọ́kọ́ nìkan ni kí ẹ mú, System Reserved, C: àti Recovery. Ẹ fi D: sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni SSD á ṣe ní ìpín mẹ́ta péré, tí mbr2gpt kò sì ní rí ohun tó máa fi kọ̀ mọ́. Ètò ìdàkọ tí kò bá jẹ́ kí ẹ mú ìpín tí ẹ fẹ́, kò wúlò fún iṣẹ́ yìí, nítorí 1 TB kò lè wọ inú 500 GB.

Bí ìdàkọ bá ti parí, ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ wáyà dísíkì àtijọ́ kúrò pátápátá kí ẹ tó tan án. Ẹ má fojú kékeré wo èyí o. Àmì ìdánimọ̀ kan náà lè wà lára dísíkì méjèèjì lẹ́yìn ìdàkọ. Bí Windows bá rí wọn pọ̀, á fi ọ̀kan sí "Offline", tàbí kí ó jí láti orí èyí tí ẹ kò fẹ́, tí ẹ ó sì máa yí dísíkì tí kì í ṣe òun padà. Ẹ jẹ́ kó jí láti orí SSD nìkan, ẹ ṣí ètò ìṣírò yín kí ẹ wò ó bóyá ó ṣì mọ ìwé àṣẹ rẹ̀. Ètò mìíràn máa ń so àṣẹ mọ́ nọ́ńbà dísíkì. Ó sàn kí ẹ mọ èyí lórí Windows 10, nígbà tí dísíkì àtijọ́ ṣì wà lódidi nínú dúrọ́ọ̀, ju kí ẹ mọ̀ ọ́n lórí 11 lọ.

Ẹ wá ṣe mbr2gpt tí Ìdí_Ẹ̀rọ kọ. SSD nìkan ló wà níbẹ̀, nítorí náà òun ni yóò jẹ́ disk 0. BIOS lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹ sì tún PC Health Check ṣe. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti dára, ẹ wá Windows 11 Installation Assistant lórí ìkànnì Microsoft. Kí ẹ tó tẹ ẹ́, ẹ yọ antivirus tí kì í ṣe ti Windows kúrò (ẹ yọ ọ́ kúrò o, pípa nìkan kò tó), ẹ fa gbogbo ohun tí ẹ ki bọ USB yọ àfi kíbọ́ọ̀dù àti máòsì, kí 30 GB ó kéré tán sì ṣófo lórí C:. Àkáǹtì orí ẹ̀rọ tí ẹ ń lò lórí 10 á tẹ̀ lé yín wọ 11, ètò àti fáìlì náà á tẹ̀ lé yín.

Bí ó bá dá dúró láàárín ọ̀nà, nọ́ńbà ló ń sọ̀rọ̀. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0xC1900101, driver (ètò tó ń darí ohun èlò ẹ̀rọ) ni, ó sábà máa ń jẹ́ ti káàdì Wi-Fi tàbí ohun USB tí ẹ gbàgbé síbẹ̀. 0x80070070, àyè kò tó. 0xC1900208, ètò kan wà tí 11 kò fẹ́, ẹ yọ ọ́ kí ẹ tún gbìyànjú.

Pẹ̀lẹ́kùtù

Gbogbo ohun tí ẹ sọ yìí dára, ṣùgbọ́n ẹ kò tíì dáhùn ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi yín: ṣé ó burú tó bẹ́ẹ̀ bó bá fi í sílẹ̀? Ẹ̀rọ kì í kú lọ́jọ́ tí àtìlẹ́yìn bá tán. Ohun tó tán ni àtúnṣe ààbò oṣooṣù. Ihò tuntun tí wọ́n bá rí lára Windows lẹ́yìn ìyẹn, yóò ṣí sílẹ̀ títí láé. Ó tún wá burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí 10 àti 11 jọ pín ọ̀pọ̀ nǹkan nínú. Ihò tí wọ́n bá dí lára 11 lóṣù yìí ń fi ibi tí irú rẹ̀ wà lára 10 han ẹni tó bá ń wá a.

Àwọn kan á ní Defender, antivirus Windows fúnra rẹ̀, ṣì ń gba ìmọ̀ kòkòrò tuntun títí di ọdún 2028, pé browser Edge náà ṣì ń gba àtúnṣe. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ṣọ́jà ẹnu ọ̀nà nìyẹn, kì í dí ihò ara ògiri.

Ọ̀nà àárín kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì dárúkọ: ESU, ìyẹn àfikún àtúnṣe ààbò fún ẹni tó ṣì wà lórí 10. Ti àwọn onílé dé ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2026. Ẹ gbọ́dọ̀ wà lórí 22H2, èyí tí ẹ ti wà. Ẹ lọ sí Settings, Update & Security, Windows Update, ẹ máa rí "Enroll now" níbẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n fi ń gba èèyàn wọlé: kí ẹ jẹ́ kí Windows Backup máa tọ́jú ètò ẹ̀rọ yín sínú àkáǹtì Microsoft, èyí kò gba owó; tàbí kí ẹ ná 1,000 àmì Microsoft Rewards; tàbí kí ẹ sanwó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èyí tó wù kí ẹ mú, àkáǹtì Microsoft pọn dandan, àkáǹtì orí ẹ̀rọ lásán kò lè forúkọ sílẹ̀. Ìforúkọsílẹ̀ kan á gba ẹ̀rọ mẹ́wàá. Bí "Enroll now" kò bá yọjú, ẹ gba gbogbo update tó wà nílẹ̀, ẹ tún ẹ̀rọ tàn, kí ẹ tún wo ibẹ̀. Irinṣẹ́ ìforúkọsílẹ̀ náà ní àléébù kan tó máa ń mú kó ti ara rẹ̀ pa, update oṣù kẹjọ ọdún 2025, KB5063709, ló tún un ṣe.

Èmi á ní kó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ lónìí, kó wá máa wá SSD rẹ̀ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Wáyà_Pupa

Mo gbà pẹ̀lú Pẹ̀lẹ́kùtù lórí ESU gẹ́gẹ́ bí afárá. Kí ó má di ilé ni mo ń wí. Ẹ̀rọ tó ti ní gbogbo ohun tí 11 ń béèrè kò ní ìdí tí yóò fi dúró títí ọjọ́ yóò fi pé.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn tó bá ń fi ẹ̀rọ sílẹ̀ láìsí update yẹ kí wọ́n mọ̀. Àwọn ìwé ẹ̀rí tí Secure Boot ń lò láti ọdún 2011 bẹ̀rẹ̀ sí í pé ọjọ́ ní oṣù kẹfà ọdún 2026, Windows Update ni àwọn ti ọdún 2023 tó máa rọ́pò wọn sì ń gbà wọlé. Kọ̀ǹpútà tí kò bá rí wọn gbà ṣì máa tàn, ṣùgbọ́n kò ní rí àtúnṣe tuntun fún ìbẹ̀rẹ̀ jíjí rẹ̀ gbà mọ́. Bí update BIOS bá wà fún motherboard yín, ẹ ṣe é kí ẹ tó tan PTT, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Update BIOS lè nu ohun tó wà nínú TPM, bí dísíkì bá sì ti wà lábẹ́ BitLocker (ètò Windows tó ń ti dísíkì pa), skirín búlúù á béèrè kọ́kọ́rọ́ onínọ́ńbà 48 lọ́wọ́ yín.

ỌmọBíńtín

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin àgbà, ẹ bá mi dá sí tèmi náà. Kọ̀ǹpútà alágbèéká ni, Core i5-5200U, RAM 4 GB, dísíkì oníyíyí 500 GB. Ìran karùn-ún ni, mo mọ̀ pé wọn ò gbà á. Íntánẹ́ẹ̀tì àti kíkọ lẹ́tà ni mò ń fi ṣe, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní Rufus lè fi Windows 11 sí i tipátipá. Ṣé kí n ṣe é?

Ìdí_Ẹ̀rọ

Àbúrò, ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n mi ò ní gbà ọ́ nímọ̀ràn rẹ̀ lórí ẹ̀rọ yẹn. Jẹ́ kí n sọ ìdí.

Rufus máa ń kọ Windows 11 sórí fíláàṣì 8 GB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, á sì bi ọ́ bóyá kí òun yọ àyẹ̀wò TPM, Secure Boot àti RAM kúrò. Yóò wọlé, yóò sì ṣiṣẹ́. Àtúnṣe oṣooṣù máa ń wá lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n Microsoft ti sọ pé ẹ̀rọ tí kò kún ojú òṣùwọ̀n kò ní ẹ̀tọ́ sí i, wọ́n lè dá a dúró nígbàkigbà. Ẹ̀dà tuntun ọdọọdún kì í wá fúnra rẹ̀, ìwọ ni wàá máa fi fíláàṣì ṣe é. Ẹ̀dà Home kọ̀ọ̀kan sì ní oṣù 24 péré, nítorí náà ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan. Láti 24H2 lọ, processor tí kò bá ní POPCNT àti SSE4.2, àwọn àṣẹ kan nínú processor, kò lè jí rárá, kò sí ọgbọ́n tí Rufus lè ta sí i. Àwọn Core 2 Duo àtijọ́ ló kàn, tìrẹ ní wọn.

Processor kọ́ ló máa dá ọ lágara. RAM 4 GB ni, àti dísíkì yẹn. Browser ojú mẹ́rin márùn-ún, RAM ti tán, Windows á bẹ̀rẹ̀ sí í fi dísíkì oníyíyí ṣe RAM, máòsì á máa fò. Bí ojú RAM bá wà tó ṣeé fi kún, 8 GB àti SSD kékeré kan ni kó o kọ́kọ́ wá, ohun yòówù kó o fẹ́ fi sí i. Ẹ̀rọ ìran yẹn DDR3L ni púpọ̀ nínú wọn ń lò. DDR4 kò lè wọ ojú rẹ̀.

Fún iṣẹ́ tó o dárúkọ, Linux Mint 22 (ètò ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń lò dípò Windows), ẹ̀dà Xfce tó fúyẹ́, ló bá a mu. Orí Ubuntu 24.04 ni wọ́n kọ́ ọ lé, àtúnṣe rẹ̀ sì dé ọdún 2029. RAM 2 GB ló kéré jù tó ń béèrè, wọ́n ní 4 GB kó bàa rọrùn. Ohun tó dára jù ni pé o lè dán an wò láì fọwọ́ kan Windows. Gba fáìlì ISO rẹ̀, fi sha256 (nọ́ńbà ìdánimọ̀ fáìlì) tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kó o mọ̀ pé kò bàjẹ́ lójú ọ̀nà, fi Rufus kọ ọ́ sórí fíláàṣì, tún ẹ̀rọ tàn, tẹ F12 (ti ẹ̀rọ mìíràn jẹ́ F9 tàbí Esc), kó o yan fíláàṣì náà. Má fi sórí dísíkì lọ́jọ́ yẹn. Dán Wi-Fi wò, ohùn, kámẹ́rà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ. Pa ìdérí rẹ̀ dé kó sùn, kó o tún ṣí i. Jíjí látinú oorun yìí ni mo rí pé àwọn èèyàn máa ń gbàgbé láti dán wò, ibẹ̀ sì ni kọ̀ǹpútà alágbèéká ti máa ń ṣe agídí jù. Máa retí pé ó máa lọ́ra díẹ̀ láti orí fíláàṣì, kì í ṣe bó ṣe máa rí nìyẹn.

LibreOffice tó wà nínú rẹ̀ á ṣí fáìlì .docx, àmọ́ bí lẹ́tà rẹ bá kún fún tábìlì àti fọ́ńtì Microsoft, ìlà lè yẹ̀ díẹ̀. Fi í ránṣẹ́ ní PDF. Microsoft Office orí ẹ̀rọ àti àwọn ètò Adobe kò ní ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Bó o bá fẹ́ fi Windows sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kọ powercfg /h off nínú Command Prompt ti Administrator kó o tó bẹ̀rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Windows kì í pa tán, ńṣe ló ń tòògbé, Linux kò sì ní lè kọ nǹkan sórí C: láìséwu. Kó o sì forúkọ Windows 10 náà sílẹ̀ fún ESU bó o bá ṣì ń gbé e lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Atọ́ka

Ẹ kú làálàá o, gbogbo yín. Mo ti forúkọ sílẹ̀ fún ESU, ó gbà. Ìbéèrè kan ló kù fún Wáyà_Pupa: ká ní mo dé 11 tán, ètò ìṣírò náà ń ṣí, àmọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo wá rí i pé kò lè tẹ ìwé owó jáde mọ́. Ṣé ọ̀nà àbọ̀ ṣì wà?

Wáyà_Pupa

Ó wà, bí ẹ bá ti múra sílẹ̀ fún un láti ọjọ́ kìíní. Windows 11 máa ń tọ́jú 10 sínú fódà Windows.old fún ọjọ́ mẹ́wàá péré, lẹ́yìn náà á pa á rẹ́ fúnra rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yín ti kọjá ìyẹn. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ẹ bá dé 11 gan-an, ẹ ṣí Command Prompt ti Administrator kí ẹ kọ:

DISM /Online /Set-OSUninstallWindow /Value:60

Ọjọ́ 60 ni òpin rẹ̀. Bí ọjọ́ mẹ́wàá bá ti kọjá kí ẹ tó rántí, kò wúlò mọ́. Láàárín ìgbà yẹn, ẹ má fi Disk Cleanup pa "Previous Windows installation(s)" rẹ́, bó ti wù kí ó máa fi àyè tó máa ṣófo fà yín lójú tó. Bí ẹ bá fẹ́ padà, Settings, System, Recovery, "Go back". Fáìlì yín á wà, ṣùgbọ́n ètò tí ẹ bá fi sí i lẹ́yìn tí ẹ dé 11 á lọ. Dísíkì á ṣì wà ní GPT, Windows 10 kò sì ní wàhálà pẹ̀lú ìyẹn, ẹ má yí BIOS padà sí Legacy.

Ní ti ìwé títẹ̀, ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín sílẹ̀ báyìí, kí ẹ wá driver 64-bit tó wà fún 11 kí ẹ tó gbéra. Ètò àtijọ́ bíi tiyín tún máa ń wá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé pẹ̀lú orúkọ tó wà lórí 10 gẹ́lẹ́. Bí 11 bá fún un ní orúkọ tó ní "(Copy 1)" lẹ́yìn, ètò náà á ní òun kò rí i. Ẹ yí orúkọ náà padà sí ti tẹ́lẹ̀ nínú Printers & scanners, kí ẹ pa "Let Windows manage my default printer" tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì tẹ ìwé owó kan jáde lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ kẹta.

Bí gbogbo èyí bá kọ̀, dísíkì àtijọ́ wà nínú dúrọ́ọ̀. Ẹ yọ SSD, ẹ ki dísíkì àtijọ́ náà bọ̀ padà, ẹ tan CSM, Windows 10 á dìde bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kí ẹ nu C: orí rẹ̀ títí oṣù méjì yóò fi kọjá. Bí ẹ bá nílò àwọn àwòrán orí D: láàárín ìgbà yẹn, ẹ lè so ó padà mọ́ ẹ̀rọ lẹ́yìn tí SSD bá ti di GPT. Ẹ kàn rí i nínú BIOS pé "Windows Boot Manager" ti SSD ló wà lókè.